Ọ̀pá Gíà Tí Kò So Mọ́ Nǹkan Kan

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n dúró kí inú mi rọ̀ kí n tó mú bírò. Mo dúró. Kò rọ̀. N ó kúkú tò ó bí ó ṣe wáyé, kí ẹni tó bá kà á lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ó ti wọ́.

Bàbá mi ló ra jíìpù wa ní gbàǹjo àwọn sójà, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, tapólì ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju irin pẹlẹbẹ lọ. Bàbá mi kò rà á fún ẹwà. Oko wa wà ní òdìkejì odò kan lẹ́yìn Imini. Bèbè odò náà ní apá Imini ga, amọ̀ pupa ni, tí òjò bá sì ti rọ̀ sí i, ọ̀kadà kì í lè gùn ún, bọ́ọ̀sì kì í tilẹ̀ dán an wò. Jíìpù yẹn nìkan ló ń gùn ún. Ìdí ni pé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà tí gbogbo mọ́tò ní, ó ní ọ̀pá kékeré kan. Bí o bá fa ọ̀pá kékeré yẹn, ẹ́ńjìnì á máa yí táyà iwájú pẹ̀lú ti ẹ̀yìn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì jọ máa fa mọ́tò náà gòkè. Fọ́wíìlì ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè é. Ní abà wa, ọ̀pá odò là ń pè é, torí pé ibi odò yẹn nìkan la ti máa ń fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé abà náà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì ti sọ fún wa pé ibi tí ọkọ òun kú sí ni òun náà yóò wà. Awọ funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, débi pé ọwọ́ ló fi ń wá ẹnu ọ̀nà. Àwọn dókítà ojú kan máa ń wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù kan ní Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a sì dúró ju ọdún kan lọ kí ó tó kàn án. Ọjọ́ Wẹ́sidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fún wa. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ yìí yẹ̀ o. Ti òsì ṣì lè dúró. Ti ọ̀tún yìí, nǹkan ti ń tì í látinú. Bí ó bá pẹ́ sí i, iná inú rẹ̀ á kú, a ò sì ní lè tàn án mọ́."

Mo kọ ọjọ́ náà sára ògiri yàrá mi.

Kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ni mo pààrọ̀ ẹ́ńjìnì jíìpù náà. Epo pẹtiróòlù ti gbówó lórí, ẹ́ńjìnì àtijọ́ yẹn sì ń mu ún bí ẹṣin tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Bí ohun kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, a ò rí irú rẹ̀ rà mọ́. Oníṣòwò pákó kan ní Iware ti pààrọ̀ tirẹ̀ sí ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, ó sì ń fi í yangàn káàkiri. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní pámárì ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́káníìkì ní Fiditi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ.

Bí ó ti rí mi, ó sáré gbé àga wá. "Tíṣà, ẹ jókòó, sà. Ṣé kì í ṣe pé ẹ mú pàṣán dání?"

Mo ní, "Pàṣán ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo yọ ìwé tí mo ti kọ láti ilé. Mo ti to ohun gbogbo sí i ní nọ́ńbà: ẹ́ńjìnì nìkan ni kí ó pààrọ̀, kí ó má fọwọ́ kan iná, kí ó má gé ara mọ́tò, kí ọ̀pá gíà méjèèjì wà níbi tí wọ́n wà. Mo sọ fún un pé ohun tí mo bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá níbẹ̀. Ó ka ìwé náà, ó fi ọwọ́ họ orí, ó wo abẹ́ jíìpù náà fún ìgbà pípẹ́, ó tún họ orí.

Ó ní, "Yẹs, sà."

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ tíṣà. Ó yẹ kí n mọ irú "Yẹs, sà" tó ń tẹ̀lé orí híhọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ gbé e. Mo mú ìwé mi dání, mo ń fi bírò sàmì sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná wà. Ara mọ́tò pé. Ọ̀pá gíà méjèèjì dúró síbi tí wọ́n wà. Mo tilẹ̀ fa èyí kékeré síwá, mo tì í sẹ́yìn, ó sì ń lọ geere. Láyé bàbá mi, ọwọ́ méjì la fi ń fà á.

Mo ní, "Ó mà ti rọ̀!"

Ó dáhùn pé, "Mo ti fi gírísì sí i, sà."

Mo yìn ín lójú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Mo gbàdúrà fún un. Títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí ni mo ń gbé jíìpù náà kiri Ilora níbi tí mò ń gbé, tí mo ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n gbọ́ bí kò ṣe pariwo mọ́. Nígbà tí òjò kọ́kọ́ ń rọ̀, ó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bèbè odò kò sì tíì yọ̀. N kò ní ìdí láti fa ọ̀pá odò.

Òjò wá rọ̀ ní Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà. Òjò kì í dẹ́rù bà wá, torí a ní jíìpù. Ní ọ̀sán Túsìdeè, mo sọ̀ kalẹ̀ láti apá Imini, mo la omi kọjá, mo sì bọ́ sí apá abà tí bèbè rẹ̀ kò ga. Ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó síwájú ilé, ó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé báàgì lé itan.

Ó ní, "Tíṣà, o pẹ́. Àbí o ti dúró kọ́ àwọn ẹ̀gẹ́ ní ìṣirò lójú ọ̀nà?"

Mo gbé e jókòó sí iwájú, a padà sódò. Mo fa ọ̀pá kékeré, mo fi í sí gíà àkọ́kọ́, mo kọjú sí bèbè gíga náà. Jíìpù náà gun ìdajì, ó dúró, táyà ẹ̀yìn ń yí lórí asán, ẹrẹ̀ ń fò. Ó yọ̀ padà sínú omi. Mo tún un ṣe. Ó tún yọ̀. Àgbẹ̀ méjì tó ń bọ̀ láti oko dúró lókè, wọ́n ń wò wá.

Ọ̀kan pariwo pé, "Tíṣà, ẹ fa ọ̀pá odò!"

"Mo ti fà á!"

"Ẹ ò tíì fà á o! Táyà iwájú ń sùn!"

Mo di ọ̀pá náà mú, mo fi gbogbo agbára fà á. Ó tu mọ́ mi lọ́wọ́. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan àti bóòtì méjì ló tẹ̀ lé e wá láti ilẹ̀ mọ́tò. Kò sí nǹkan mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀. Mẹ́káníìkì náà ti ṣe irin kan fún un, ó fi bóòtì dè é mọ́lẹ̀ kí ó lè máa lọ síwá sẹ́yìn, kí bàbá arúgbó lè rí ohun sàmì sí.

Àgbẹ̀ kejì ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo abẹ́ mọ́tò. "Háà! Jíìpù sójà ti di táàsì Ìbàdàn."

Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò ríran, bèèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀pá náà já."

"Ó já ni, àbí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Omi ń kún, ó ti wọ inú ẹ́ńjìnì, mọ́tò sì kú. Àwọn ọkùnrin náà fẹ́ pọn ẹ̀gbọ́n mi gba bèbè náà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ dán an wò láìru ẹrù kankan ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. N kò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹni ọgọ́rin ọdún lé ẹ̀yìn lórí amọ̀ yẹn. Wọ́n pọ̀n ọ́n padà sí apá abà. Ní Wẹ́sidé, odò náà kún dí ojú ọ̀nà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo dúró sí bèbè, mo gbé fóònù sókè, mo ń wá ibi tí yóò ti mú. Nígbà tó mú, ọ̀sán ti pọ́n. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, àti pé àwọn dókítà ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Mo wọlé sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó bọ́ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kàn, ó sì tì í síbẹ̀.

Ní Sátidé, mo fi ọ̀pá náà sínú ọ̀rá, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Fiditi. Mẹ́káníìkì náà ti gbọ́. Bí ó ti rí mi ló dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì dúdú tó wà nílẹ̀.

Mo ní, "Dìde. N kì í bá ẹ̀yìn orí sọ̀rọ̀." Mo yọ ọ̀pá náà. "Kí nìyí?"

"Ọ̀pá gíà ni, sà."

"Kí ló so mọ́?"

Ó ń nu ọ́ìlì kúrò ní àyà rẹ̀.

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Kò so mọ́ nǹkan kan, sà."

Ó wá ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì náà bá gíà tirẹ̀ wá, ó sì gùn ju ti àtijọ́ lọ. Kò sí àyè mọ́ fún gíà kékeré tó ń pín agbára fún táyà iwájú, nítorí náà ó yọ ọ́ sọnù. Bí ó bá fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, àfi kí ó wá ẹni tí yóò gbẹ́ irin tí yóò so ẹ́ńjìnì tuntun mọ́ gíà àtijọ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì máa ń pẹ́.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé, sà." Ohùn rẹ̀ kéré. "Ní pámárì, ẹ kì í jẹ́ kí a sọ pé 'n ò lè ṣe é.' Ẹni tó bá sọ ọ́, ìdí pátákó ló máa dúró sí títí yóò fi ṣe é. Mi ò lè wo ojú yín kí n sọ ọ́. Mo rò pé ìgboro nìkan lẹ máa ń gbé e rìn."

"Mo kọ́ yín pé kí ẹ má sọ ọ́ kí ẹ tó gbìyànjú. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni pé kí ó fi bóòtì de irọ́ mọ́lẹ̀ kí n máa fi ọwọ́ fà á."

Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, mo rántí àwọn ọmọ tí mo ti dá dúró sí ìdí pátákó yẹn títí aago ilé fi lù. N kò rántí èyí tí mo yìn nínú wọn torí pé ó sọ òótọ́ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ìbínú mi kò dín kù. Ó kàn pín sí méjì.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí mi. Wọ́n ní kí n gba kámú. Mo tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ohun tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀ là ń gba kámú fún. Ọwọ́ ló yọ gíà yẹn. Ọwọ́ ló de bóòtì. Ọwọ́ tèmi náà ló sàmì sí ìwé. Inú wọn kò dùn sí ìdáhùn náà, a sì mu omi.

Mo ní kí mẹ́káníìkì náà wá fa jíìpù náà kúrò lódò, kí ó lọ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè mí láti Ìbàdàn pé irin náà kò tíì bá a mu, pé òun kò tíì lè ṣe é. Ó le fún mi láti dáhùn pé, "O ṣeun tí o sọ fún mi," ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Nínú oṣù kọkànlá, òun fúnra rẹ̀ wa jíìpù náà lọ sódò. Ó da omi sí bèbè títí ó fi yọ̀ bí ilá, ó fa ọ̀pá kékeré náà pẹ̀lú ọwọ́ méjì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ gbé e gòkè. Àwọn ará abà pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́.

Oṣù Kejìlá ni àwọn dókítà tún dé. Wọ́n tan iná sí ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n bi í bóyá ó rí nǹkan. Ó ní rárá. Wọ́n tún tan án. Ó ní, "Ẹ ti tàn án ni?" Dókítà náà pa iná, kò sì wo ojú mi. Ti òsì nìkan ni wọ́n ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, mẹ́káníìkì náà ti wà níbẹ̀. Òun ló ní kí òun bá wa wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ní apá ọ̀tún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Èmi ni mẹ́káníìkì."

Ẹ̀gbọ́n mi yí orí kiri, ó ń wá ibi tí ohùn náà ti ń wá.

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Wá sí apá òsì, kí n lè rí ọ."

Ó dìde, ó rìn yí bẹ́ẹ̀dì náà ká. Èmi jáde lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu mi.