Iye Tí Wọ́n Ta Ilé Ìyá Olódòdó

Ẹsẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ máa ń dùn ún. Tó bá ti gun àtẹ̀gùn mélòó kan láàárọ̀, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, òun náà á sì dá a lóhùn: "Mo gbọ́. Jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Àǹtí Téèpù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń díye lé ilé. Àwọn tó fẹ́ ra ilé tó ti gbó, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tún un tà, ló máa ń wá a wá. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: bí a bá tún ilé yìí ṣe tán, èló la máa rí i tà? Ẹni tó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀ láìmọ iye tó máa tà á, ó ti gun igi kó tó wo ibi tó máa gbà sọ̀.

Òun fúnra rẹ̀, yàrá méjì ló háyà. Bíríkìlà kan tí wọ́n máa ń pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ò yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àǹtí Téèpù, ẹ ti wọn ilé gbogbo ayé tán. Tiyín ńkọ́?"

"Ẹni tó ń kan pósí, ṣé inú ẹ̀ ló ń sùn?"

Bíríkìlà á rẹ́rìn-ín. Òun ò ní rẹ́rìn-ín.

Kì í kọ́kọ́ wọ inú ilé tí wọ́n bá ní kó wò. Òpópónà ló máa ń kọ́kọ́ wò. Á wá ibì kan jókòó sí, á wo páànù, á wo gọ́tà, á wo irú aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ilé mẹ́ta tí wọ́n tà nítòsí láàárín ọdún kan, tó jọ èyí tó wá wò. Inú iye tí wọ́n ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti ń mú iye tirẹ̀. Onílé lè purọ́, ti èjẹ́ǹtì tiẹ̀ burú ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tà, tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, kì í purọ́. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Pénsùlù ló sì fi ń kọ gbogbo rẹ̀, torí owó ilé kì í gbé ojú kan.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Káfíńtà ni, iléèwé kan ṣoṣo ló sì ti lo ayé rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí bíi rédíò ló ṣe ń sọ̀rọ̀: kì í dúró gbọ́ ohun tí ẹlòmíì fẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ tó bá wọ etí rẹ̀ láàárọ̀, àdúgbò mẹ́ta á ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó dé àtàrí.

Ọjọ́ Ajé kan ló já wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i!"

"Kí lo rí?"

"Ilé! Olórùlé búlúù kan báyìí. Mílíọ̀nù mọ́kànlá ni wọ́n ń tà á. Màá fi mẹ́rin tún un ṣe. Ìwé àti èjẹ́ǹtì á gba ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Màá tà á ní ogún. Ogún gbáko!"

"Èló ni wọ́n fún ọ nígbà tó o fẹ̀yìn tì?"

Asọ̀rọ̀mágbèsì gbójú sókè wo àjà. "Mẹ́rìndínlógún náà ni."

"Ta ló sọ ogún fún ọ?"

"Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ilé Ìyá Olódòdó. Mọ́kànlélógún ni wọ́n tà á lọ́dún tó kọjá. Iye yàrá kan náà, ilẹ̀ kan náà. Èmi tiẹ̀ ti fúnra mi dín ọ̀kan kù, torí mo mọ̀ pé tí mo bá débí, ẹ máa ní kí n dín in."

Àǹtí Téèpù fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kan àga àwọn ọmọléèwé. Wọ́n á jókòó lé e, wọ́n á fọ́ ọ, màá tún un kàn. Ẹsẹ̀ àga. Ẹ̀yìn àga. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan odindi ilé kan kí n tó kú."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Màá lọ wò ó."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ilé olórùlé búlúù náà kò burú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ògiri ti sán lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀lù dígí kékeré kan máa ń wà nínú báàgì Àǹtí Téèpù. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, bọ́ọ̀lù náà sì yí lọ jẹ́jẹ́ títí ó fi kan ògiri kejì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ náà ò tẹ́jú. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn méje. Ó mọ̀ pé àbúrò òun ti kan gbogbo wọn tán lọ́kàn rẹ̀.

Ó wá lọ wo ilé mẹ́ta tí wọ́n ti tà. Èyí tó ní géètì dúdú, mílíọ̀nù mẹ́rìnlá. Èyí tó wà níbi kọ́nà, tí wọ́n ti tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ti Ìyá Olódòdó, mọ́kànlélógún. Ó tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mẹ́rìnlá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ ọmọ ìyá kan náà. Mọ́kànlélógún jókòó lọ́tọ̀, bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀.

Ó dúró níwájú ilé náà. Ẹni tó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ilé, ó yẹ kó ti fọwọ́ kan nǹkan: kó kun géètì, kó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó kéré tán kó gbá gọ́tà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀dà ara ògiri ń ṣí. Àwọn ìkòkò òdòdó tò síbẹ̀, gbòǹgbò wọn ti gba ìdí ìkòkò yọ. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, bàtà obìnrin kan wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti jẹ ju ìkejì lọ. Bàtà àgbàlagbà ni. Wọ́n ti ta ilé yìí, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ò sì lọ ibì kankan.

"Ta nìyẹn?" Ohùn kan gba ojú fèrèsé jáde. "Ìwọ tó ń wo ògiri mi bíi pé ó jẹ ọ́ lówó."

"Ẹ káàsán, Màmá. Ilé ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wá wò."

"Èyí tó rí bí adìyẹ tí òjò pa yẹn? Wọlé. Wá wo ilé."

Ó wọlé. Ìyá Olódòdó mú un kiri bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun hàn. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ gbogbo táìlì ilẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó wọ́.

"Mo ní kó tún un lẹ̀, ó ní rárá. Ó ní nígbà tí òun bá kú, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ti máa kọ mí, màá sì máa bú òun. Mò ń bú u lójoojúmọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o gbọ́ iye tí wọ́n rà á?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Àwọn ọmọ mi ni. Bí bàbá wọn ṣe kú, àwọn márààrún ni wọ́n ń jà du ilé yìí. Àkọ́bí mi ló borí wọn. Wò ó, mi ò mọ̀ pé ilé mi níyì tó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá jí láàárọ̀, tí mo wo ògiri, orí mi á wú."

Àǹtí Téèpù ń wo táìlì tó wọ́ náà. Mílíọ̀nù mẹ́fà, bóyá méje, ni owó yẹn fi ju iye tó yẹ lọ. Ọmọ ìyá kan kì í fi irú iye bẹ́ẹ̀ ra nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀, àyàfi tí nǹkan mìíràn bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rà.

Géètì dún. Àkọ́bí náà wọlé, ọkùnrin gíga kan tí gírísì wà lápá aṣọ rẹ̀. Ẹrù ló ń fi ọkọ̀ ńlá kó. Ó kí wọn. Ó rí téèpù tó ń yọrí nínú báàgì, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé ìta, Mà."

Wọ́n dé ìdí géètì. Ọkùnrin náà dúró.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń díye lé ilé."

"Èmi ni."

"Ẹ ti mọ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé ilé yìí ò tó mọ́kànlélógún. Mi ò mọ ìdí."

Ó wẹ̀yìn. "Àwọn àbúrò mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ tà á kí wọ́n pín owó ẹ̀. Wọ́n ní kí màmá máa gbé oṣù mẹ́ta mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn, kí wọ́n máa gbé màmá kiri bí àpótí. Mo ní èmi máa rà á. Wọ́n ní mo fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ. Mo ní kí wọ́n dá iye tí ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n sì dá a."

"O sì san án."

"Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ni mo ní nígbà yẹn. Ó ku ọ̀kan." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Màmá rò pé ìfẹ́ ilé ló mú wa jà. Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá bọ́ sígboro, etí màmá ló máa padà sí."

"Kò ní tẹnu mi jáde."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí ẹni tó rán òun wá.

Ní ọjọ́ kẹta, Asọ̀rọ̀mágbèsì dé. Ó ti mú ìwé kan dání, ó ya àwòrán ilẹ̀kùn méje sí i.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni Àǹtí Téèpù wí.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ni?"

"Iye tó o máa rí i tà nìyẹn, tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa. Wàá sì ti ná mẹ́rìndínlógún."

"Ẹ gbàgbé ilé Ìyá Olódòdó ni?"

"Mi ò gbàgbé. Má fi kà."

"Kí ló dé?"

"Mi ò lè sọ."

Asọ̀rọ̀mágbèsì ká ìwé rẹ̀ sí méjì. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tẹ́ ò mọ̀ rí, ẹ̀ ń sọ ìdí fún wọn. Ẹ máa ń kọ ọ́ síwèé fún wọn. Ṣé èmi nìkan ni mi ò yẹ lẹ́ni tí à ń sọ ìdí fún?"

"Gbà á lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Owó tí mo fi ayé mi wá ni! Àbí ẹnì kan ti bẹ̀ yín lọ́wẹ̀? Ẹnì kan tó fẹ́ ra ilé náà, tó ní kẹ́ ẹ lé mi kúrò níbẹ̀?"

Ó jọ pé ó fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́nu. Kò ríbi kó o padà.

Àǹtí Téèpù bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ ọjọ́ kan. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa dúró nínú yàrá oníyàrá, láti máa sọ fún èèyàn pé ohun tó fẹ́ràn ò tó bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló máa yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó wo ẹnu àbúrò rẹ̀. Ó ti mọ ẹnu náà látìgbà tí kò tíì ní eyín.

"Owó ẹ ni," ló wí. "Ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú ẹ."

Àbúrò rẹ̀ dìde. Ilẹ̀kùn yàrá náà máa ń ha. Ó dìgbà tí èèyàn bá gbé e sókè díẹ̀ kó tó ṣí. Ó gbé e, ó ṣí i, ó jáde láìkí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Bọ̀, ilé mìíràn wà tó yẹ kó díye lé. Kò rí iṣẹ́ náà ṣe. Ó kó àwọn ìwé ọwọ́ rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó ń ṣí wọn. Ilé mẹ́ta mẹ́ta, ojú ewé lórí ojú ewé. Mélòó nínú wọn ni wọ́n rà nítorí ìyá? Mélòó ni wọ́n rà kí àbúrò má baà gbé ẹnu sókè? Ta ló ń bi wọ́n? Ó pa àwọn ìwé náà dé, ó kó wọn padà sábẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ Ẹtì ku ọ̀la.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ha. Asọ̀rọ̀mágbèsì wọlé. Ó kí i, ó jókòó, ó sì dákẹ́.

Àǹtí Téèpù retí. Ó bu omi fún un. Ó mu ún.

"Ṣé ara ò yá ni?"

"Ara yá."

Àǹtí Téèpù kò rántí ìgbà tó ti gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí níbi tí àbúrò rẹ̀ bá wà.

"Mo débẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tẹ́ ẹ rí. Màmá ní kí n wọlé."

"Ehn."

"Wọ́n fi táìlì ẹnu ọ̀nà hàn mí. Wọ́n sọ ẹni tó rà á fún mi. Wọ́n ní gbogbo ọmọ wọn ló jà dù ú." Ó yí kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́. "Mo ti gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń jà nítorí ilé bàbá wọn rí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn."

Orúnkún Àǹtí Téèpù gbàgbé láti dùn ún. "Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní ilé wọn dára. Mo ní ká ní mo lówó sí i ni, èmi náà ì bá bá wọn dù ú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n gé òdòdó kan fún mi. Ó wà nínú àpò mi, ó ti rọ."

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin gan-an ò sọ fún mi. Ta lèmi fẹ́ sọ fún?"

Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Mo ti pe èjẹ́ǹtì. Mo ní mi ò rà mọ́. Ó bi mí pé kí ló dé."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò lè sọ."

Ó dìde láti máa lọ. Ó gbé ilẹ̀kùn sókè bó ṣe máa ń gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún un gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo irin tó gbé e ró.

"Ìgbà wo ló ti rí báyìí?"

"Ó pẹ́."

"Onílé ńkọ́?"

"Ó ní òun ń bọ̀."

Asọ̀rọ̀mágbèsì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí ìṣó ti jẹ igi. Ilẹ̀kùn kan ni. Odindi ilé kọ́. Àǹtí Téèpù na ẹsẹ̀ òsì sórí àga kejì, ó ń wò ó.