Rótìmí Ará Amẹ́ríkà àti Odó Ìyá Rẹ̀

Kò sí ẹni tó dàgbà ní Ìjerò láyé ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òndó tí kò mọ ohun tí kásẹ́ẹ̀tì fi ojú Rótìmí Ọláìtán rí. Ìdíje orin ni wọ́n ṣe nínú gbọ̀ngàn ìlú. Rótìmí gun orí pèpéle tòun ti dígí dúdú, ó ní ráàpù lòun fẹ́ kọ, àti pé àbúrò bàbá òun ló fi ìlù inú kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà.

Ìlù náà dùn. Gbì-gbì, gbì! Gbì-gbì, gbì! Rótìmí ń ti imú sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, títí kan òun fúnra rẹ̀. Àfi bí ìlù ṣe dákẹ́, tí ohùn obìnrin jáde látinú sípíkà:

"Rótìmí! Kí lò ń ṣe lẹ́yìn ulé? Wáá jẹ uyán! Àwo àná rèé, o ò tíì fọ̀ ọ́!"

Ìró odó ìyá rẹ̀ ló gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, kò sì rántí pa ẹ̀rọ lásìkò. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Àṣé màmá náà wà láàárín èrò. Wọ́n dìde tayọ̀tayọ̀: "Ohùn mi rèé o! Èmi ni yèyé rẹ̀!"

Alága ìdíje bi Rótìmí bóyá ìyá rẹ̀ ni.

Rótìmí wo bàtà rẹ̀. "Rárá, sà. N kò mọ̀ wọ́n rí."

Wọ́n bi èmi tí mò ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì fún un, èmi tí mo ti jẹ iyán màmá yẹn láìmọye ìgbà. Mo ní èmi náà ò mọ̀ wọ́n. Màmá rọra jókòó. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, màmá gbé iyán ka iwájú Rótìmí bíi ti àtẹ̀yìnwá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Rótìmí fi ń fọ àwo, títí kan èyí tí kò dọ̀tí.

Ó bọ́ dígí, ó sì ń fi ẹnu Ìjerò kọ ráàpù lórí ìró odó. Ní Aràmọkọ, Àjàyí tó ń darí ètò ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì! Ta ló máa gbọ́ èyí?"

"Ẹni tó bá ń jẹ uyán," ni Rótìmí dá a lóhùn.

Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Ìmẹ̀sí fi ń gbé rédíò yọ́ wọ ilé ìdáná láti gba ìró odó sílẹ̀, tí àwọn ìyá wọn ń fi ọmọ odó lé wọn jáde.

Gbogbo ibi tó bá ti ń kọrin ló ń fi àga kan sílẹ̀ níwájú fún ìyá rẹ̀. Bó bá pè wọ́n, wọ́n á ní, "Uṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi." Ọgbọ̀n ọdún, àga náà ò rí ẹni jókòó lé e.

Rótìmí kú lọ́dún tó kọjá. Ìyá kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ, nítorí náà mo gbé àga náà àti kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìdíje lọ bá màmá nílé. Wọ́n jókòó, mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Gbì-gbì, gbì! Lẹ́yìn náà: "Rótìmí! Wáá jẹ uyán!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wò mí. "Ta ló ń pè é yẹn?"

Mo dìde. "Yèyé Rótìmí ni, mà. Mo mọ̀ wọ́n."

Wọ́n bu iyán fún mi. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ àwo.