Géètì Ẹ̀yìnkùlé Wa Nígbà Àjọ̀dún Orin

Ọ̀nà tí a máa ń gbà lọ sí Ọjà'ba láti ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, àárín pápá kan nísàlẹ̀ òkè Màpó ló gbà kọjá. Bí mo ṣe bá a nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé mi wá sílé ọkọ. Gbogbo wa la ń gba ibẹ̀: ẹni tó ń lọ tajà, ẹni tó ń lọ kírun, ọlọ́kadà tó ń sá fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Bẹẹrẹ. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin wá sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún orin níbẹ̀, pé àwọn ọ̀dọ́ yóò ti ọ̀nà jíjìn wá pa àgọ́, wọn yóò sì máa sùn sínú rẹ̀, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun tán. Àlejò tó tó báyẹn, lẹ́yìnkùlé wa!

Iṣẹ́ ọmọ ọmọ mi yìí ni láti rí i pé nǹkan kan ò ṣe ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n fi páànù yí pápá náà ká. Ọ̀gá wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í ṣe ará Ìbàdàn, fẹ́ dí ọ̀nà wa pátápátá. Ọmọ mi ò gbà. Ó ní ará àdúgbò tí ẹ bá tì mọ́ ìta ni yóò fi ìbínú ya páànù yín. Ọ̀gá jẹ́ kí ó fi géètì kan síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un pé bí wàhálà kan bá gba ibẹ̀ wọlé, òun yóò tì í pa, òun yóò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò ọmọ mi. Ìyẹn nìkan ló ń kọ mí lóminú nínú gbogbo ìdùnnú mi.

Nígbà tí wọ́n pa àwọn àgọ́ náà tán, ṣe ló dà bí olú tó hù lẹ́yìn òjò, pupa, yẹ́lò, búlúù. Mo gbé àpótí sẹ́yìnkùlé, mo ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, orogún mi àgbà wá bá mi. Ọkọ wa ti kú tipẹ́, àwa méjèèjì la kù. Òun ló ń wẹ ọmọ tuntun ládùúgbò wa, kò sì sí yàrá tí kì í wọ̀. Ó ní ìtìjú ni kí àlejò sùn sẹ́yìnkùlé ẹni, kí ilẹ̀ mọ́, kí a má lọ kí i. Òótọ́ ló sọ. Mo gbé ògì gbígbóná, ó gbé àkàrà, a gba géètì wọlé. Ó dúró lẹ́nu àgọ́ kan, ó ní, “Àgò o.” Wọn ò dáhùn. Ó tún un pè. Ó yíjú sí mi pé àbí ara wọn ò yá ni. Kí n tó ní kó dúró, ó ti fa síìpù, ó ti ki orí bọ inú ibẹ̀.

“Ṣé dáadáa lẹ jí?”

Ọmọbìnrin tó sùn síbẹ̀ figbe ta: olè! Gbogbo pápá jí. Nígbà tí àwọn sìkiọ́rítì sáré dé, ìdí ìyá arúgbó ni wọ́n bá lóde, orí rẹ̀ wà nínú àgọ́, àwo àkàrà ò sì tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi ìgbà tí mo rí ọmọ mi tó ń sáré bọ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá ò pariwo. Ó ní òun mọ̀ pé a ò ní ibi lọ́kàn, àmọ́ síìpù yẹn ni ilẹ̀kùn ọmọ ọlọ́mọ, nítorí náà wọn yóò ti géètì. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀. Orogún mi rọra fa síìpù náà padà.

Mo rọra gbé ògì sílẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kíkí tí a kí wọn ò burú, ibi tí a ti kí wọn ni ò dáa. Ẹ jẹ́ ká jókòó sẹ́nu géètì, ká máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Ẹni tí a bá ti kí, a ó mọ̀ ọ́n.”

Ọmọ mi gbójú sókè. Ó ní òun yóò fi okùn pààlà ọ̀nà náà kí ará àdúgbò má baà yà síbi àgọ́, sìkiọ́rítì yóò sì dúró tì wá láti máa yẹ àpò wò. Ọ̀gá ní òun yóò wò ó di ìrọ̀lẹ́.

A jókòó. Ọjọ́ náà dùn! Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìrìn, àwọn ọmọ ńkọ́? Sìkiọ́rítì tó kọ́kọ́ fajú ro ti ń bá wa kíni kó tó di ọ̀sán. Ọmọbìnrin tó pe olè jáde wá, ó bá wa jẹ àkàrà tó ti tutù. Orogún mi ní kó jẹ ẹ́ dáadáa, nítorí ẹrù olè ni.

Nírọ̀lẹ́ ni àwọn ọlọ́kadà ya dé. Eré ni wọ́n máa ń bá gba pápá yẹn kọjá, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nà sórí ẹní káàkiri. Ọmọ mi nawọ́ dá wọn dúró, ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n ti ọ̀kadà wọn kọjá. Ẹni tó ṣíwájú ò pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní bàbá òun ti ń gba ibẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn olórin. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè ọ̀kadà. Mo wẹ̀yìn, mo rí ọ̀gá tó káwọ́ gbera.

Orogún mi dìde. “Ọwọ́ yìí ni mo fi wẹ̀ ọ́ lọ́mọ tuntun. O ò dákẹ́ nígbà yẹn, o ò sì dákẹ́ títí di òní. Sọ̀ kalẹ̀.”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti ọ̀kadà rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e, wọ́n ń kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá wá síbẹ̀, ó sì fẹ́ rékọjá lára wa.

“Ṣé a jọ sùn ni?” Orogún mi ló bi í.

Ó wo ọmọ mi. Ọmọ mi ṣàlàyé pé bí a ṣe ń bi ẹni tó kọjá láìkíni nìyẹn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ káàsán, mà,” lójú ìrọ̀lẹ́. A dáhùn bẹ́ẹ̀ náà. Ó wá sọ fún ọmọ mi pé kí géètì wà bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi palẹ̀ mọ́. Ọmọ mi di èjìká mi mú. Orin bẹ̀rẹ̀, gbogbo páànù ń gbọ̀n, èmi náà ń gbọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mi ò tíì kúrò lórí ẹní ìrun tí mo gbọ́ “Àgò o” lẹ́nu ọ̀nà wa. Kí n tó dáhùn, ọmọbìnrin àná ti wọlé, ó gbé búrẹ́dì àti tíì lọ́wọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀. Orogún mi ń ti balùwẹ̀ bọ̀, ìró nìkan ló wà lára rẹ̀.

“Ó yá,” mo sọ fún orogún mi, “figbe ta.”