Mágínẹ́ẹ̀tì Regula

Regula ti fọ́nnu káàkiri iléeṣẹ́ oògùn wọn ní Basel pé òun so náítírójìn mọ́ kábọ́ọ̀nù láìlo páládíọ̀mù, irin olówó gọbọi tó ń bá wọn so ó. Urs, ọ̀gá rẹ̀, ní kó tún un ṣe lójú òun. Ó na mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tuntun sí i, irú èyí tó máa ń yí nínú ìgò láti ro oògùn.

"Tèmi tí mo fi ń rò ó tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Tuntun ni kó o lò, ìyá oníṣẹ́ ìyanu."

Regula jù ú sínú ìgò. Nígbà tó fi di ọ̀sán, nǹkan kan ò so mọ́ nǹkan kan. Urs gbé mágínẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sójú fèrèsé. Àbàwọ́n dúdú tí ọṣẹ ò lè mú kúrò wà lára rẹ̀.

"Páládíọ̀mù iṣẹ́ èṣí rèé," ni Urs wí. "Òun ló ń ṣiṣẹ́, ìwọ lò ń gba oríyìn."