Òbúkọ Tí Màmá Àgọ́ Mú Gun Òkè

Ọdún tí Màmá Àgọ́ mú òbúkọ gun òkè, kò sí ilé kan ní Òkè-Ogbó tí wọn kò ti sọ ọ́. Dorcas Adéagbo ni orúkọ rẹ̀, òun ló sì ń ṣètò oúnjẹ fún àwọn ọmọbìnrin ìjọ nígbà tí wọ́n bá lọ pàgọ́ lọ́dọọdún sórí àpáta kan ní ìhà Ìjẹ̀ṣà, níbi tí mọ́tò kì í dé. Ẹran ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èyí tí a dín máa ń le bí awọ bàtà, èyí tí a bọ̀ máa ń bàjẹ́ lọ́nà. Ó rò ó títí, ó wá ní ẹran tó bá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kì í bàjẹ́, kò sì ní wúwo lórí ẹnikẹ́ni.

Òun àti Mojíre aránṣọ, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nídìí oúnjẹ, gba ọjà ẹran Sábó lọ.

"Màmá, ṣé ká pa á fún yín ni?" Àlàájì tó ń ta ẹran ló bi í.

"Rárá. Yóò máa bá wa rìn lọ."

"Kó rìn dé ibo?"

"Dé inú ìkòkò."

Òbúkọ náà mọ ìrìn. Ó mọ̀ ọ́n rìn ju Bùrọ̀dá Ògúndèjì lọ, olùkọ́ yunifásítì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin náà, ẹni tó ń jókòó sinmi nídìí gbogbo igi. Kí wọ́n tó gun òkè náà dé ìdajì, àwọn ọmọ ti rí irùngbọ̀n òbúkọ, wọ́n ti sọ ọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n dé òkè, tí omi hó, tí ata kúnná, kò wá sí ẹni tó fẹ́ pa Bíṣọ́ọ̀bù.

"Tíṣà, ẹ gba ọ̀bẹ," ni Màmá wí.

"Màámi, ìtàn ni mò ń kọ́ wọn ní yunifásítì."

"Ìtàn ọ̀hún, kò sí ogun nínú rẹ̀ ni?"

"Ó wà níbẹ̀, mà. Àmọ́ àwọn tó ti kú tipẹ́ là ń kà."

Màmá fúnra rẹ̀ mú ọ̀bẹ. Ó wo òbúkọ, òbúkọ náà wò ó, ó ń rọra jẹ àpọ̀jẹ. Màmá bá yí padà, ó fi ọ̀bẹ náà gé àlùbọ́sà. "Ojú rẹ̀ ti mọ̀ mí jù," ni ó wí. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n fi jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá Bíṣọ́ọ̀bù nídìí àpò gààrí, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Màmá kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fún un lómi o, kí gààrí má baà wú sí i nínú. Báyìí ni ẹran tí wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ̀bà ṣe ṣíwájú wọn jẹ ẹ̀bà.

Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé Màmá. Màmá ní òun ń tọ́jú rẹ̀ de Kérésìmesì. Kò sọ Kérésìmesì ọdún wo.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé aláwàdà ni Màmá Àgọ́. Kì í rẹ́rìn-ín. Bí ó bá fẹ́ pín ẹrù oúnjẹ fún àwọn ọmọ, yóò gbé e lé ọmọ kan lórí, yóò ní kí ó máa kọrin. Bí ohùn ọmọ bá gbọ̀n, yóò yọ iṣu kan kúrò. Ọjọ́ tí ó kan Bùrọ̀dá Ògúndèjì, ohùn rẹ̀ ti gbọ̀n kí wọ́n tó gbé nǹkan kan lé e lórí. Láti ìgbà náà ni kò ti ru ju iyọ̀ àti ìṣáná lọ.

Ṣùgbọ́n ìrìn oúnjẹ ni gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n jù. Màmá ní oúnjẹ tó bá máa bá ọmọ ọlọ́mọ lọ sígbó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn nílé. Bí ìpàgọ́ bá ti ń sún mọ́lé, yóò di gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n, yóò rù ú nínú oòrùn ọ̀sán láti Òkè-Ogbó dé Modákẹ́kẹ́, yóò sì rù ú padà.

"Màmá, ẹ sọ̀ ká rà," àwọn obìnrin á pè é.

"Kì í ṣe títà."

"Kí wá ni?"

"Ó ń ṣe ìdánwò."

Tí ó bá délé, yóò jókòó lórí àpótí rẹ̀, yóò tú agbọ̀n, yóò gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹja gbígbẹ máa ń yege. Àádùn kò fìdí rẹmi rí. Mọ́ínmọ́ín kò kọjá Modákẹ́kẹ́ rí kó má bàjẹ́.

Àádùn yìí, Mojíre ló ń ṣe é. Yóò yan àgbàdo, yóò lọ̀ ọ́, yóò fi epo àti iyọ̀ pò ó. Màmá á bu díẹ̀ sẹ́nu, á jẹ ẹ́ pẹ́, á ní, "Ó kù díẹ̀." Bí Mojíre bá fi iyọ̀ kún un, ó kù díẹ̀. Bí ó bá dín epo kù, ó kù díẹ̀. Ó ń retí ọjọ́ tí obìnrin náà máa sọ pé ó tó.

Màmá kò sọ ọ́. Ní ọdún 1995, nígbà tí ìpàgọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, àìsàn ráńpẹ́ mú un lọ. Wọ́n gbé oúnjẹ lé Mojíre lọ́wọ́, àwọn òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

"Ta ló ń ṣe oúnjẹ lọ́dún yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n. A óò rí i."

Kò sẹ́ni tó mú ọmọ wá. Bùrọ̀dá Ògúndèjì ní kí wọ́n kúkú ra búrẹ́dì àti sàdíìnì, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ìpàgọ́ sílẹ̀ lọ́dún yìí.

"Ẹ fún mi di Sátidé, sà," ni Mojíre wí.

Ní Sátidé, ó di agbọ̀n, ó gbé e karí. Ojú ń tì í. Ó tú Bíṣọ́ọ̀bù, tó ti darúgbó, kó lè máa jẹ koríko lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n bí ẹran náà ṣe rí agbọ̀n, ńṣe ló tẹ̀lé e. Àwọn tó kọ́kọ́ rí wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Modákẹ́kẹ́, ìyá arúgbó kan ti dìde nídìí ìsọ̀ rẹ̀, ó bu omi fún Mojíre, ó bu omi fún òbúkọ.

"Ẹ pẹ́ dé lọ́dún yìí," ó ní. "Mo gbọ́ o. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣé mọ́ínmọ́ín wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí, mà."

"Ó dáa. Kó má lọ dójú tì wá."

Kí Mojíre tó padà dé ẹ̀yìnkùlé Màmá, àwọn ìyá ọmọ ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti rí agbọ̀n tó kọjá ní àdúgbò wọn. Kò sí ẹni tó tún bi í ní ìbéèrè kankan. Ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra ni wọ́n ń béèrè.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Mojíre tú agbọ̀n. Bùrọ̀dá Ògúndèjì, tó ti wá wo bó ṣe máa rí, bu àádùn sẹ́nu.

"Ó tó," ó ní. "Mojíre, ó tó gan-an."

Mojíre náà bu díẹ̀, ó jẹ ẹ́ pẹ́. "Ó kù díẹ̀," ni ó wí.

"Kí ló kù?"

Mojíre wo àpótí Màmá tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n. Ó bu àádùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí Bíṣọ́ọ̀bù.

"Má fún un lómi o," ni Bùrọ̀dá Ògúndèjì wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì ń wo òbúkọ bí ó ṣe ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń pẹ́ lórí rẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò.