Ọ̀dà Olómi Lórí Ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà

Ahun ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. N kò ní fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún un nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú.

Bàbá àgbà, tó bí òun àti bàbá mi, ló kọ́ ilé wa ní Dópẹ̀mú. Kó tó kú, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà gílọ́ọ̀sì pupa, èyí tó ń dán gbinrin, kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ó mọ irú ọmọ tó bí. Ìyá mi tó ti di opó ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú mi, a ò sì ní ibòmíràn tá a lè forí lé.

Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, owó wá di ti àwọn sójà àti àwọn tó ń bá sójà jẹun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí ọ̀kan nínú wọn, agbaṣẹ́ṣe kan, tó fẹ́ ra ilé náà. Ó ní kí ìyá mi máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó wá ra ọ̀dà olómi tí kò tó nǹkan, ó tún bomi là á, ó ní kí wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Inú ń bí mi, síbẹ̀ mo sọ fún un. Mo ní, "Bàbá, ọ̀dà olómi ò lè di gílọ́ọ̀sì mú. Ó ti dán jù. Àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á."

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Sáńpépà náà, owó kọ́ ni wọ́n ń fi rà á? Tó bá ti bò ó, ó ti bò ó nìyẹn."

Mo ní ó dáa, sà. Mo ti wí tèmi.

Ká sòótọ́, ó bò ó. Ògiri funfun báláú, ìyá mi jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀, ó ń sunkún. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, oòrùn sì ràn lé e.

Agbaṣẹ́ṣe dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé nínú agbádá dúdú. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìgbà tó máa kúrò níbẹ̀, èépá ọ̀dà ti kún ẹ̀yìn agbádá, ọ̀rọ̀ bàbá àgbà sì ti yọjú: KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ọkùnrin náà yíjú padà, ó kà á.

"Alàgbà, ilé ni mo wá rà, mi ò wá ra ẹjọ́." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Ṣé ojú ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi? Rárá o. Èmi ló kọjú sí. "Ayédèrú ọ̀dà lẹ̀ ń ṣe ní Ìkẹjà yẹn!"

Mo wọlé, mo mú sáńpépà kan jáde, mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Mo ní, "Ẹ ha á kúrò, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ti ha á, ọ̀dà tó bá wù yín á dì í mú."

Àdúgbò ti pé lé wa lórí. Ó gbà á, ó dúró níwájú ògiri. Bíbò rọrùn, ọmọ iṣẹ́ ló bá a bò ó. Ṣùgbọ́n kó fọwọ́ ara rẹ̀ ha ọ̀rọ̀ ẹni tó bí i kúrò, lójú àwọn tó bá a sin òkú rẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Ó fi sáńpépà náà sílẹ̀ lórí pèpéle, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá mi tú ẹrù rẹ̀. Sáńpépà yẹn ló fi ha ìdí ìkòkò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.