Màmá Jálẹ̀ àti Ọmọ Oníbúrẹ́dì

Ọjọ́ tí dókítà eyín wá yẹ ẹnu àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wò ni òkìkí Màmá Jálẹ̀ kàn dé ibi tí kò kàn dé rí. Wọ́n gbé àga sí àárín gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ tò sẹ́yìn ara wọn, jìnnìjìnnì sì ti bò wọ́n. Kí ọkàn wọn lè balẹ̀, Màmá Jálẹ̀, olùkọ́ ìṣirò wọn, ní òun lòun máa kọ́kọ́ jókòó. Dókítà tan iná sí i lẹ́nu, ó mí kanlẹ̀, ó ní eyín méjì lòun máa yọ.

"Méjì kẹ̀? Ẹ gba ẹyọ kan."

"Màmá, a kì í ná eyín."

"Mo gbọ́. Kí ni jálẹ̀?"

"Méjì náà ni jálẹ̀, mà. Ọ̀kan ti jẹrà, èkejì sì fẹ́ tẹ̀ lé e."

"Èyí tó ti jẹrà, ẹ máa mú un lọ. Èyí tó fẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ ná."

Ẹ̀rín pa dókítà débi pé irin ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó yọ ẹyọ kan, ó dí ihò èkejì, eyín náà sì bá obìnrin yìí jẹun títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ọmọ tó kàn la ẹnu, ó ní òun ò lè fi ju ẹyọ kan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣe eyín rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ ti àbúrò òun dípò tòun.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra nǹkan rí ló mọ jálẹ̀. Ibi tí ọlọ́jà bá sọ̀ kalẹ̀ dé ni, tí á sì búra pé òun ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí fún ẹlòmíràn yìí gan-an ni ti Màmá Jálẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é, bí ẹni pé kò létí. Bó bá gbọ́, á kàn yíjú padà, á ní, "Ta ló ń tajà níbẹ̀ yẹn?" Gbogbo kíláàsì á sì dojú kọ ìwé wọn.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ló jìyà rẹ̀ jù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìpàdé bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Bó bá ní ìpàdé olùkọ́ máa gba wákàtí kan, Màmá Jálẹ̀ á ní ìdajì rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀gá wá gbọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe wákàtí méjì kó lè rí ẹyọ kan gbà. Obìnrin náà ti mọ̀. Ó ní wákàtí méjì dára púpọ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ bèèrè ìdí tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin kò fi ní ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn dé láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ìpàdé sì di ìdajì wákàtí títí di òní olónìí.

Nínú kíláàsì tirẹ̀, máàkì pàápàá ṣeé ná. Ọmọ tó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ lè wá sọ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan wà ńbẹ̀: ẹni tó bá ń wá máàkì kan, á kọ́kọ́ ṣe ìṣirò méjì lórí pátákó lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rò pé àwọn gbọ́n jù ú lọ. Kí ọdún tó dé ìdajì, wọ́n ti ṣe ìwé ìṣirò wọn tán, wọn ò sì mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, Agbẹjọ́rò ni wọ́n ń pè é. Ó gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó rò ó, ó rò ó, bí wọ́n ṣe fi máàkì méjì dù ú. Màmá Jálẹ̀ wọ gíláàsì, ó yẹ ìwé náà wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀.

"Òótọ́ lo sọ, mo ṣe àṣìṣe. Mo fún ẹ ní márùn-ún tí kò tọ́ sí ẹ níbí."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Ó tì o. Ìwọ lo wá. Kí ni jálẹ̀ tìẹ?"

"Mi ò wá rárá lónìí, mà."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan ló fi ẹnu rẹ̀ ṣe. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí bàbá rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì. Ọmọ náà fẹ́ràn ìṣirò débi pé ó máa ń ṣe ti àwọn tí kò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọwọ́ ń dun bàbá, kò lè po ìyẹ̀fun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kí ọmọ òun fi ìwé sílẹ̀, kó wá dúró ti ààrò. Ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà, iṣẹ́ ló ju apá rẹ̀ lọ. Nígbà tó ku ọdún mẹ́ta kí ọmọ náà jáde, bàbá yọ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, fìlà lọ́wọ́.

"Tíṣà, mo wá mú ọmọ mi lọ. Kò ní wá mọ́ láti ọ̀la."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Oníbúrẹ́dì. Ẹ jókòó. Ọdún mẹ́ta lèmi fẹ́."

"Ọdún mẹ́ta! Ṣé ẹ gbọ́ mi ṣá? Mo ní ọ̀la!"

"Mo gbọ́ yín dáadáa. Ẹ̀yin pe ọ̀la, èmi pe ọdún mẹ́ta. Ó yá, ká máa ná an lọ."

Kí wọ́n tó dìde, bàbá ti gbà kí ọmọ náà lo táàmù kan sí i. Màmá Jálẹ̀ náà ti gbà pé gbogbo Sátidé lòun máa wá fi ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó bi ọkọ rẹ̀, tó ti ń retí Sátidé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, léèrè.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ òkú: kò mọ búrẹ́dì í ṣe. Èyí tó kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe le débi pé bàbá fi í há ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Nígbà tí Màmá Jálẹ̀ rí i níbẹ̀, ó ní, "Ẹ ò rí i pé ó wúlò?" Ni wọ́n bá gbé e kúrò nídìí ìyẹ̀fun lọ sídìí káńtà, ibẹ̀ ló sì ti rí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó wá ra ẹyọ kan, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín in kù, mẹ́ta ló máa ń gbé relé, á tún máa dúpẹ́ lọ́nà.

Bí táàmù bá ti parí, bàbá á dé. Á jókòó síwájú tábìlì olùkọ́, á ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn méjèèjì á sì jọ pariwo tí àwọn ọmọ á máa gbọ́ láti ìta. Táàmù kan náà ni wọ́n á tún fi parí ẹ̀. Ọmọbìnrin náà kì í róorun sùn láwọn ọjọ́ yẹn, torí kò dá a lójú rí pé òun máa padà wá.

"Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n parí, mà?" ló bèèrè lọ́jọ́ kan.

"Bàbá ẹ lágídí," ni Màmá Jálẹ̀ sọ, "ṣùgbọ́n ó máa ń padà wá. Ẹni tí kò bá fẹ́ tà kì í padà wá sọ́jà."

Ó ku táàmù kan ṣoṣo, bàbá ò sì tíì wá ná an, ni àìsàn gbé Màmá Jálẹ̀ dè. Dókítà ní kó sinmi fún oṣù kan, ó ní ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Nọ́ọ̀sì ní kó lo oògùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, òun á gbé e mì dáadáa. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ikú kò mọ ọjà á ná ní tirẹ̀. Ó mú un lọ nígbà ìsinmi, kò jẹ́ kó fojú kan àwọn ọmọ náà mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dun gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wọra.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé fún táàmù ìkẹyìn, ọmọ kan tó dúró lójú fèrèsé ké pé Bàbá Oníbúrẹ́dì ń bọ̀. Àdéhùn tó gbẹ̀yìn ti tán, ẹni tó ń bá a ṣe àdéhùn ò sì sí mọ́. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Ni gbogbo kíláàsì bá dìde, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà pa, wọ́n ti Agbẹjọ́rò síwájú.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló sọ, ó sì fẹ́ sá padà sẹ́yìn.

"A máa wá ní Sátidé, sà," lẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn. "Gbogbo wa pátá."

"Ta ló ní kí ẹ wá ba ìyẹ̀fun mi jẹ́?"

Bàbá gba àárín wọn kọjá, ó jókòó síwájú tábìlì náà, níbi tó máa ń jókòó sí. Ó wo àga tó kọjú sí i.

"Mo to ọ̀rọ̀ mi wá láti ilé. Màá ní òní lọmọ mi máa fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tíṣà yín náà á pariwo, màá wá gbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń gbà kí n tó kúrò nílé. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ mú un lọ ni? Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn obìnrin yẹn ni." Ó fi fìlà nu ojú. "Mi ò lè bá àga ná. Ọmọ mi, kó ìwé ẹ padà sórí tábìlì."

Lọ́jọ́ tí kíláàsì náà jáde, ọmọbìnrin yìí ni wọ́n ní kó bá wọn dágbére. Bàbá rẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó dé orí pèpéle, kò sì dáwọ́ dúró títí ọ̀gá àgbà fi bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, ó fi Agbẹjọ́rò ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí ẹ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí ni púpọ̀ nínú yín ti mọ̀ pé ẹ máa jáde. Èmi ò mọ̀. Ẹnì kan ló ń bá mi mọ̀ ọ́n."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè lọ bá a, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó ń kánjú àtilọ.